Oṣù Lé: Ìtàn Òṣùpá Nínú Ẹ̀kọ́ Ilé

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní, "Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún ọmọ lórí ìwà àti ìkíni, lórí bí a ti ń kúnlẹ̀ àti bí a ti ń dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó rántí pé ìṣirò pẹ̀lú wà lára ẹ̀ṣọ́ náà. Kí ilé-ìwé tó dé, kí a tó máa fi kàlẹ́ńdà kọ́ ara ògiri, ọmọ ilẹ̀ wa ti mọ bí a ti ń ka ọjọ́, ọ̀sẹ̀ àti oṣù. Agbo ilé ni ilé-ìwé rẹ̀, òṣùpá sì ni síléètì rẹ̀. Nínú àròkọ yìí a fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀kọ́ náà, bí ó ti wà, ohun tí ó gbé e lọ, àti ìdí rẹ̀ tí àwa nínú ilé tiwa fi tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìyámoyè ni a ń gbé, ní ilẹ̀ Ìjùmú, lójú ọ̀nà tí ó ti Kàbà lọ sí Ọ̀mùò ní Èkìtì. Ìpẹ̀kun ilẹ̀ Yorùbá ní apá àríwá òun ìlà-oòrùn ni ibẹ̀, láàárín àwọn ènìyàn tí a ń pè ní Òkun nítorí ìkíni tí ó wà lẹ́nu wọn: Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú, Ọ̀wọ̀rọ̀, àti Owé ti Kàbà. Láti ọdún 1991 ni a ti kà wá mọ́ Ìpínlẹ̀ Kogí. Ṣáájú rẹ̀ a wà nínú Ìpínlẹ̀ Kwara, àti ṣáájú èyí nínú Ẹkùn Àríwá. Ìjọba ń yí padà lórí wa. Òṣùpá kan náà ni ó ń lé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Oṣù ni a ń pe nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́, òṣùpá ni a ń pe ìmọ́lẹ̀ òru. Kò sí etí tí kò ní gbọ́ pé ọmọ ìyá ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Bí àgbà bá wí pé "oṣù lé," kì í ṣe ìwé ni ó wò. Ojú ọ̀run ni ó wò. Lónìí a ń pe oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì ti kàlẹ́ńdà ní oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òṣùpá tí ó ń bá wọn bẹ̀rẹ̀, àfi bí ó bá ṣe kòńgẹ́. Orúkọ ni ó kù lọ́wọ́ wa. Ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ti bọ́.

Báyìí ni ẹ̀kọ́ náà ti ń lọ. Bí oòrùn bá ti wọ̀, tí ìwọ̀-oòrùn sì pọ́n, ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú ni yóò kọ́kọ́ rí òṣùpá tuntun, tín-ín-rín bí èékánná tí a gé, yóò sì ké sí àwọn tí ó kù. Láti alẹ́ náà ni ìkà ti bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ kejì ó ga díẹ̀ sí i, ó sì sanra díẹ̀ sí i. Ní nǹkan bí ọjọ́ keje ó di ìlàjì, ó sì wà ní àtàrí nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlá tàbí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ó kún, ó ń yọ ní ìlà-oòrùn bí oòrùn ti ń wọ̀, ó sì ń ràn mọ́jú. Lẹ́yìn èyí ó ń pẹ́ sí i kí ó tó yọ, ní ìwọ̀n bí 50 ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, títí ó fi di ohun tí ẹni tí ó jí lọ sí oko ní ìdájí nìkan ń rí. Nígbà náà ni òkùnkùn dé fún alẹ́ bíi mélòó kan, a ó sì tún máa wo ìwọ̀-oòrùn.

Ọmọ kò jókòó gba ẹ̀kọ́ yìí bí ẹni tí a ń kọ́ ní nǹkan. Ó mọ̀ ọ́n nítorí pé ó kan ayé rẹ̀. Alẹ́ òṣùpá ni alẹ́ eré ìta àti àlọ́. Alẹ́ òkùnkùn ni alẹ́ ìjókòó nínú ilé. Bí ó bá fẹ́ mọ ìgbà tí eré yóò tún dé, àfi kí ó kà á. Òṣùpá ni ìyá rẹ̀ sì fi ka oyún tí ó fi bí i, òun náà ni a fi ka ọjọ́ orí rẹ̀ títí ó fi rìn. Òun ni ẹni tí ń lọ sí ìdálẹ̀ fi ń dá ìgbà tí yóò padà. Ẹni tí kò lè ka òṣùpá kò lè dá àdéhùn.

Ṣùgbọ́n oṣù nìkan kọ́ ni ìkà wa; ọjà pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti le díẹ̀, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ṣì í. A. B. Ellis, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì kan, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1894 lórí àwọn ènìyàn tí ń sọ èdè Yorùbá. Ó ka ọ̀sẹ̀ wa sí ọjọ́ 5, ó sì wí pé irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ 6 ni a kà sí oṣù kan. Ó fi òtítọ́ kún un pé ìgbà tí òṣùpá tuntun bá fara hàn ni oṣù ń bẹ̀rẹ̀, àti pé nítorí náà ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn kì í pé. Ọmọ ọjà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ 5 náà ti wá. Àwa a máa ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ iye. Bí ọjà bá ná lónìí, tí ó sì tún ná ní ọrún, òní ni ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀ sì ni ìkarùn-ún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 4 péré ni ó yí po: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún àti ọjọ́ Jàkúta. Bákan náà ni ìtàdógún, tí í ṣe ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́nu wa, ṣe jẹ́ ọjọ́ 16 lójú kàlẹ́ńdà.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ mú èyí sórí ìwé. Ọ̀sẹ̀ 7 ti ọjọ́ 4 jẹ́ ọjọ́ 28. Ọ̀sẹ̀ 6 ti ọjọ́ 5 jẹ́ ọjọ́ 30. Òṣùpá tìkára rẹ̀, bí a bá pín ìrìn rẹ̀ dọ́gba, ń lo ọjọ́ 29, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 44. Kò bá èyíkéyìí nínú wọn mu. Ọjà ń lọ ní ọ̀nà tirẹ̀, òṣùpá ń lọ ní tirẹ̀, wọn kì í sì í dúró de ara wọn. Àwọn baba wa kò fi ipá mú wọn ṣọ̀kan. Nígbàkígbà tí oṣù bá lé, ìkà tuntun bẹ̀rẹ̀; ojú ni adájọ́.

Ọ̀rọ̀ ọdún tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùpá 12 jẹ́ ọjọ́ 354, ìyípo ọdún sì jẹ́ ọjọ́ 365 àti díẹ̀. Ọjọ́ 11 ni ó fi dín. Bí ẹnìkan bá fi òṣùpá 12 nìkan dá ọdún, kí ọdún 17 tó pé, oṣù tí ó bá ìbẹ̀rẹ̀ òjò mu tẹ́lẹ̀ yóò ti bọ́ sí ìgbà tí òjò ń dá. Àgbẹ̀ kankan kò lè fi irú ìkà bẹ́ẹ̀ gbin iṣu. Nítorí náà, òjò àti iṣu ni a fi ń mọ ìyípo ọdún. Ọ̀rọ̀ kan náà, ọdún, ni a sì ń pe àkókò tí ó yí po àti àjọ̀dún tí a fi mọ̀ pé ó yí po.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ìṣòro yìí bá. Meton ará Athens, ní ọdún 432 kí a tó bí Olúwa wa, fi hàn pé ọdún 19 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òṣùpá 235 mu ní rẹ́gí: òṣùpá 12 fún ọdún kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òṣùpá 7 tí a fi kún un. Àwọn Ìmàle yan ọ̀nà mìíràn. Wọ́n gbà kí ọdún wọn kúrú, kí ààwẹ̀ sì máa yí gbogbo ìgbà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ká. Bí àwọsánmà bá sì bo òṣùpá mọ́ wọn lójú, wọ́n ń ka ọjọ́ 30 pé. Ẹ wo bí ó ti rí ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 2024, ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, a kò sì rí òṣùpá ní alẹ́ ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, nítorí náà ó pé 30, ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ sì bọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù kẹrin. Ní ọdún 2025 ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, a rí òṣùpá ní alẹ́ ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, ọdún sì bọ́ sí ọjọ́ 30 oṣù kẹta. Ẹni tí ó bá ka ọjọ́ tí ó wà láàárín ọdún méjèèjì yóò bá 354 pàdé.

Ìjọ Kristi náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ òṣùpá. Láti ìgbà Ìgbìmọ̀ Nicaea ní ọdún 325 ni àwọn ìjọ ti ń wá bí gbogbo wọn yóò ti ṣe Àjíǹde ní ọjọ́ kan náà. Ìlànà tí ó fìdí múlẹ̀ nìyí: ọjọ́ Ìsinmi tí ó bá tẹ̀lé òṣùpá kíkún àkọ́kọ́, láti ọjọ́ 21 oṣù kẹta lọ. Nítorí èyí ni Àjíǹde ọdún 2024 fi bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù kẹta, tí ti ọdún 2025 sì fi bọ́ sí ọjọ́ 20 oṣù kẹrin. Ṣùgbọ́n ìjọ kò jáde wo òṣùpá náà. Ó ṣírò rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún púpọ̀ ṣáájú. Báyìí ni ọ̀nà mẹ́ta ṣe wà láti mọ òṣùpá: a lè rí i, a lè ṣírò rẹ̀, a sì lè gbọ́ nípa rẹ̀ láti ẹnu ẹlòmíràn. Kí òǹkàwé wa jọ̀wọ́ fi ọ̀nà mẹ́ta yìí sọ́kàn, nítorí pé lórí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dúró.

Kí ni ó wá gbé ẹ̀kọ́ òṣùpá kúrò nínú ilé? Ogun ni ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Nupe láti Bídà jà ní ilẹ̀ Òkun fún ìgbà pípẹ́, ó sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ lọ sí oko ẹrú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kàbà, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà lẹ́nu ìyá ní àléébù kan: bí a bá gbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá, a ti gbé e kúrò lọ́dọ̀ ìwé ìbí rẹ̀. Ẹ wo Samuel Àjàyí Crowther, Bíṣọ́ọ̀bù, ẹni tí ó kọ èdè wa sínú ìwé. A mọ̀ pé ọdún 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. A mọ̀ pé ọdún 1864 ni a fi í joyè Bíṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n títí di òní, àwọn kan ń kọ ọdún ìbí rẹ̀ ní 1806, àwọn mìíràn ní 1809. Ìyá rẹ̀ mọ iye òṣùpá tí ó ti rí lórí ọmọ náà. Ogun gé okùn ìkà náà.

Lẹ́yìn ogun ni ilé-ìwé dé. Ní ọdún 1908 ni Tommie Titcombe ti ìjọ S.I.M. dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà, àwọn ìjọ mìíràn sì ṣiṣẹ́ ní apá ibòmíràn. Ilé-ìwé kò tètè kárí. Nígbà tí Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, àwa ilẹ̀ Òkun kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé Àríwá ni ìjọba kà wá sí. A dúró títí di ọdún 1976 kí irú ètò bẹ́ẹ̀ tó kan gbogbo Nàìjíríà. Ní gbogbo ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ wà tí kò ní olùkọ́ mìíràn ju àgbà ilé lọ.

A kò ní sọ̀rọ̀ ilé-ìwé láìdára, nítorí pé òun ni ó fún wa ní ohun tí ẹnu ìyá kò ní, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kàlẹ́ńdà ti dé ara ògiri, ojú kúrò lójú ọ̀run. Ọmọ gbọ́ pé oṣù yìí ní ọjọ́ 31, pé èyí ní 30, ó sì há a sórí. Kò rí i, kò sì ṣírò rẹ̀. Ọ̀nà kẹta nìkan ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán ìwé pẹ̀lú kọ́ ọ ní ohun tí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀. Nínú ìwé tí a yà ní ilẹ̀ òtútù, òṣùpá tuntun dìde dúró bí dòjé tí a fi ti ògiri. Ní Ìyámoyè, tí kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, ó sábà máa ń dùbúlẹ̀ bí igbá tí a gbé kalẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. A ti bi ọmọ mẹ́fà léèrè ní ilé wa àti ní ilé aládùúgbò pé kí wọ́n ya òṣùpá tuntun. Gbogbo wọn ya ti inú ìwé. Òwe wa sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́: "Òṣùpá lé, wọ́n ní kò gún; ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kí ó tún un ṣe." Àwọn tí ó pa òwe náà wo ojú ọ̀run kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Nítorí èyí ni a ṣe ra ìwé ìkọ̀wé kan ní ìgbà òjò ọdún 2025, tí a sì fi í lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà kò ju bí ìlà kan lọ lálẹ́: ọjọ́, ibi tí òṣùpá wà, bí ó ti tóbi tó, àti àwòrán kékeré kan. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní dára. Ní ọ̀sẹ̀ kejì òjò kò jẹ́ kí a rí ojú ọ̀run rárá, síbẹ̀ ìwé náà kún. Alẹ́ márùn-ún tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú àwòrán wọn, òṣùpá ń sanra lọ ní mẹ́lòó mẹ́lòó. Ọmọkùnrin wa ni ó yà wọ́n. Ó ní òun mọ bí yóò ti rí, nítorí náà òun kọ ọ́. Ohun tí ó yà kò jìnnà sí òtítọ́. A fẹ́rẹ̀ẹ́ yìn ín fún làákàyè rẹ̀.

Ìyá àgbà rẹ̀ ni kò jẹ́. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní kí a ka ohun tí ó wà nínú ìwé náà sí òun létí. Nígbà tí a kà á tán, ó wí pé, "Ọmọ ọmọ mi, ta ni ó rí òṣùpá alẹ́ àná?" Ọmọ náà dákẹ́. Ìyá àgbà tún wí pé, "Ohun tí ojú kò rí ni o kọ bí ẹni pé ojú rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún èmi."

Nígbà náà ni ó sọ fún wa ohun tí a kò tíì gbọ́ ní kíkún rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó lọ sí ọ́fíìsì kan láti forúkọ sílẹ̀. Akọ̀wé bi í léèrè ọdún tí a bí i. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, akọ̀wé náà wò ó lójú, ó kọ ọdún 1952, ó sì ní kí ẹni tí ó kàn wá. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìwé ni ó ń tọ́ka sí ìwé àkọ́kọ́. Ọdún márùn-ún ni a fi gé kúrò lára ọjọ́ orí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bá a ká a kúrò, nítorí pé inú ìwé ni ó wà. Ohun tí ó fẹ́ wí fún akọ̀wé náà nìyí: ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé nígbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni òun bí i, àti pé oṣù kẹrin rẹ̀ ń parí lọ, ó ń bẹ lẹ́yìn òun ní oko, ní ọjọ́ tí ọ̀sán di òru.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1947, òṣùpá bọ́ sí àárín ayé àti oòrùn, òjìji rẹ̀ sì la Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá, ó gba gúúsù Nàìjíríà, ó sì lọ sí Ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó ń fi ọjọ́ náà ṣe òṣùwọ̀n ọjọ́ orí wọn àti ti àwọn ọmọ wọn. A jókòó ti àwọn ọmọ wa, a sì ní kí wọ́n ṣírò rẹ̀. Oòrùn kì í bọ́ sẹ́yìn òṣùpá àfi ní ìgbà òkùnkùn òṣùpá, nígbà tí ọ̀kan parí tí òmíràn kò tíì lé. Òṣùpá 4 ní ọjọ́ 29 àti ààbọ̀ jẹ́ ọjọ́ 118. Wọ́n ka 118 sẹ́yìn láti ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, wọ́n sì dé ọjọ́ 22 oṣù kìn-ín-ní. Ọjọ́ òkùnkùn ni èyí. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta rẹ̀ ni ojú lè rí òṣùpá tuntun. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ 23 tàbí 24 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947 ni a bí ìyá àgbà wọn.

Obìnrin tí kò ní ọjọ́ ìbí fún ọdún méjìdínlọ́gọ́rin gbọ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀ láti ẹnu ọmọ ọmọ rẹ̀. Kò sọ ohun púpọ̀. Ó ní kí a tún un kà. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè ohun tí ọmọ náà yóò kọ sínú ìwé. Ọmọ náà ronú pẹ́, ó sì kọ ọ́ báyìí: "Ìyá ìyá àgbà sọ ọ́. Àwa ṣírò rẹ̀. A kò rí i." Ó padà sí ojú ewé alẹ́ márùn-ún òjò náà, ó fa ìlà lé àwọn àwòrán rẹ̀, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn pé, "Ìṣírò ni." A kò tíì rí ọmọ tí ó gba ẹ̀kọ́ òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀ láti inú ìbáwí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ìdánwò dé. A gbọ́ lórí rédíò pé ní alẹ́ ọjọ́ 7, ọjọ́ Ìsinmi, òṣùpá kíkún yóò wọ inú òjìji ayé, àti pé ní ilẹ̀ wa yóò yọ pẹ̀lú òkùnkùn náà lára rẹ̀. Àwọn ọmọ wo ìwé wọn. Alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ni wọ́n ti rí òṣùpá tuntun, nítorí náà alẹ́ ọjọ́ 7 yóò jẹ́ ìkẹẹ̀ẹ́dógún, òṣùpá yóò sì kún. Ìgbọ́ àti ìṣírò ṣọ̀kan. A tẹ́ ẹní síta ṣáájú kí ilẹ̀ tó ṣú, a sì kọjú sí ìlà-oòrùn. Àwọsánmà òjò bo gbogbo rẹ̀. A dúró títí agogo mẹ́sàn-án fi lù, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti parí lókè àwọsánmà. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ènìyàn ń fi àwòrán òṣùpá pupa ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù, a sì rò pé ọmọkùnrin wa yóò ya ọ̀kan nínú wọn sínú ìwé. Nígbà tí a ṣí i, ìlà kan péré ni ó wà níbẹ̀: "Alẹ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwọsánmà. Wọ́n ní ó ṣókùnkùn. A kò rí i."

Ìlà yìí ni èrè gbogbo làálàá náà lójú wa. Ayé tí àwọn ọmọ wa ń dàgbà sí kún fún ohun tí a gbọ́. Ẹnikẹ́ni lè fi àwòrán ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni lè kọ ọdún 1952 sínú ìwé. Ọmọ tí ó bá lè ya ohun tí ó rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ṣírò, kí ó sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó gbọ́, ọmọ náà ti ní ohun ìjà kan tí owó kò lè rà.

Fún àwọn òbí tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ ìwọ̀nba tí ìrírí ti kọ́ wa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ tí oṣù lé, kì í ṣe ní ọjọ́ kìn-ín-ní kàlẹ́ńdà. Ẹ jẹ́ kí ìlà kan tó fún alẹ́ kan, kí ọmọ má baà sú. Ẹ fi ọjọ́ ọjà ìlú yín sí ẹ̀gbẹ́ kan ojú ewé, kí ọmọ fúnra rẹ̀ lè rí i pé ọjà àti òṣùpá kì í bá ara wọn dọ́gba. Bí ó bá bèèrè ìdí tí òṣùpá fi ń yí padà, ẹ tan àtùpà kan nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, kí ọmọ na ọsàn kan sí iwájú rẹ̀, kí ó sì máa yí po díẹ̀díẹ̀ ní ojú kan; yóò rí ìmọ́lẹ̀ tí ń sanra tí ó sì tún ń rù lára ọsàn náà, yóò sì mọ̀ pé oòrùn ni ó ni ìmọ́lẹ̀, òṣùpá yá a lò ni. Kò sí ohun ẹ̀rù nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí a ó bọ. Ní alẹ́ tí òṣùpá bá kún, ẹ pa àlọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ pe àwọn àgbà ilé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí ìyá wọn sọ fún wọn nípa ọjọ́ tí a bí wọn, nígbà tí ẹnu tí yóò dáhùn ṣì wà.

"Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà." Ìyá àgbà ilé wa kò kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ọmọ. Ní ọjọ́ tí a ń parí àròkọ yìí, oṣù tuntun ti lé. Òun ni ó kọ́kọ́ rí i, pẹ̀lú ojú àgbà rẹ̀, kí àwọn ọmọ tó rí i. Wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó rí i.